Kọ́pílà háídírọ́líìkì fún katakata: èwo ló tó owó rẹ̀?

Kọ́pílà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Òun ni irin ẹ̀yìn katakata tí à ń ki ẹnu họ́ọ̀sì tírélà tàbí ti hárò bọ̀, tí yóò dún "káà", tí epo háídírọ́líìkì yóò sì máa gba inú rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú sípánà dání. Èyí tó wà lára katakata la ń pè ní abo. Èyí tó wà lẹ́nu họ́ọ̀sì ni akọ. Bí ẹ bá dé Panteka ní Kàdúná, tàbí Kofar Ruwa ní Kánò, tàbí tí ẹ kàn yà sí Zuba lọ́nà Àbújá, ẹ ó rí méjì tó jọra, tó ń dán bákan náà, lórí káńtà kan ṣoṣo, tí owó ọ̀kan sì fi ìlọ́po mẹ́rin ju ti èkejì lọ. Bí ẹ bá béèrè ìdí, ọlọ́jà á ní, "Ojúlówó nìyí, Ṣáínà nìyẹn." Ìdáhùn yẹn kò burú, àmọ́ kò tó ẹni tó fẹ́ tú owó sílẹ̀.

Mi ò ní kọ iye náírà síbí. Ẹrù òkè òkun ni gbogbo wọn, dọ́là ló ń gbé owó wọn sókè sódò, iye tí mo bá sì kọ lónìí lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹni tó kà á àti ọlọ́jà lóṣù mẹ́ta sí i. Ìlọ́po ni n ó fi máa sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká pe akọ àti abo kan láti Ṣáínà, aláìlórúkọ, oní-ìdajì ínṣì, ní 1. Ibẹ̀ la ó ti máa wo àwọn yòókù. Náírà lè máa jó bó ṣe wù ú, ìlọ́po yìí kì í tètè sún kúrò níbi tó wà.

Ó gbọ́dọ̀ bá a mu ná

Kọ́pílà tó dára jù lọ láyé, bí kò bá ti wọ akọ tó wà lẹ́nu họ́ọ̀sì yín, irin lásán ni. Lára àwọn katakata tí ojú ti mọ́ lóko lápá Àríwá, bíi Massey Ferguson, New Holland, John Deere, Mahindra àti Sonalika, irú tí ẹ ó bá lẹ́yìn wọn jù ni ISO 7241 ìpele A, ìwọ̀n ìdajì ínṣì. ISO ni ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìwọ̀n; ISO A ni n ó máa pe irú yìí. Àwọn mẹkáníìkì kan ń pè é ní Pioneer, nítorí orúkọ Amẹ́ríkà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ilé iṣẹ́ Parker ló ni orúkọ náà báyìí. Ìpele B náà wà, èyí tí wọ́n ń lò jù nínú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó jọ A débi pé ọlọ́jà tí kò mọ̀ lè di abo A àti akọ B sínú ọ̀rá kan náà fún yín. Kálípà, irin tí a fi ń wọn fífẹ̀ nǹkan, ló ń yanjú rẹ̀: ẹnu akọ A oní-ìdajì ínṣì fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 20.5, ti B tó nǹkan bíi 23.5. Mìlímítà mẹ́ta péré, àmọ́ wọn ò ní wọ ara wọn láéláé, ẹ ìbáà fi òòlù lù wọ́n.

Àwọn àgbà katakata ni kí ẹ ṣọ́ra fún. John Deere àti International àtijọ́ ní ẹnu tiwọn lọ́tọ̀. Steyr tí wọ́n ń tò ní Bauchi nígbà kan rí, ọwọ́ mẹkáníìkì tó ti kọjá lára ọ̀pọ̀ nínú wọn pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè búra pé ẹnu tó wà lẹ́yìn wọn lónìí ni wọ́n gbé wá láti ilé iṣẹ́. MTZ ti Belarus, èyí tó ti pẹ́, onítíréèdì, tí à ń yí wọlé, ni ìsopọ̀ tirẹ̀. Ní ti katakata 2,000 láti Belarus tí Ààrẹ Tinubu ṣí ètò rẹ̀ ní Àbújá lóṣù kẹfà ọdún 2025, tuntun ni wọ́n. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá dé ọwọ́ yín tàbí ọwọ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yín, ẹ wọn ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó ra akọ kankan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó níbi tí kálípà bá wà.

Ẹ̀yìn kọ́pílà, níbi tí a ti ń dè é mọ́ họ́ọ̀sì tàbí mọ́ fááfù katakata, ni mo ti rí òfò owó jù. BSP ìdajì ínṣì (tíréèdì Bírítéènì) àti NPT ìdajì ínṣì (tíréèdì Amẹ́ríkà), eyín 14 ni àwọn méjèèjì ní nínú ínṣì kan. Igun eyín BSP jẹ́ dígírì 55, ti NPT jẹ́ 60, NPT sì ń tín-ínrín bó ṣe ń lọ síwájú. Nítorí pé iye eyín wọn dọ́gba, ọ̀kan á gba èkejì wọlé, á yí ìgbà mélòó kan, á wá le. Ẹni tó ń dè é á rò pé ó ti dì. Ìgbà tí prẹ́ṣọ̀ bá dé ni á bẹ̀rẹ̀ sí í sun epo, ọmọ iṣẹ́ á sì wé tépù funfun mọ́ ọn, á wé e nípọn. Tépù ò lè sọ dígírì 55 di 60. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kó já sí wẹ́wẹ́, kí ẹ̀rún rẹ̀ bá epo lọ há sínú fááfù, níbi tí ẹ ó ti wá a tì. BSP tó dúró gbọọrọ, wáṣà onírin àti rọ́bà ló ń dí i, kì í ṣe tépù. Ẹrù Yúróòpù sì lè ní tíréèdì onímìlímítà, M18 tàbí M22, tí eyín rẹ̀ jìnnà síra ní mìlímítà 1.5. Ẹ kúkú tú èyí tó bàjẹ́, ẹ mú un dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi tuntun wọ̀ ọ́n wò lójú ọlọ́jà.

Bí wọ́n ṣe tò tira wọn

Ìlọ́po tó wà nínú àtẹ yìí ni èyí tí mò ń bá lọ́jà. Akọ àti abo papọ̀ ni, ìdajì ínṣì. Ẹ má kà á bí òfin.

| Irú | Owó | Ibi tó ti wúlò | Ibi tó ti ń dunni |
|---|---|---|---|
| ISO A, Ṣáínà aláìlórúkọ | 1 | Ohun èlò tí ẹ kì í tú, tí ẹ kì í so lójoojúmọ́ | Síìlì (rọ́bà tó ń dí epo) tètè ń jẹ, akọ máa ń rọ̀ |
| ISO A, Ṣáínà, Íńdíà tàbí Tọ́kì tó ní orúkọ àti nọ́ńbà lára | 1.5 sí 2 | Katakata tó ń túlẹ̀ fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ará àdúgbò | Dídára wọn kì í dọ́gba láti páálí kan sí èkejì |
| ISO A, Ítálì (Faster, Stucchi) | 3 sí 4 | Katakata tó ń ṣiṣẹ́ owó ní gbogbo ìgbà òjò | Ayédèrú pọ̀ |
| ISO A, Parker | 4 sí 5 | Bíi ti Ítálì | Kì í sí lórí àtẹ nígbà gbogbo |
| Ojú pẹrẹsẹ, ISO 16028, aláìlórúkọ | 2 sí 3 | Ẹ ka ìsàlẹ̀ | Kò wọ ISO A rárá |
| Ojú pẹrẹsẹ tó lórúkọ | 5 sókè | Ẹ̀rọ ìkó-nǹkan iwájú, ẹ̀rọ ilé kíkọ́ | Owó rẹ̀ |
| Onítíréèdì, tí à ń yí wọlé | 2 sí 4 | Tírélà tó ń da ẹrù | Ó ń falẹ̀ láti so |

Irin tí kì í dípẹtà náà wà, owó rẹ̀ sì ga ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ọkọ̀ ojú omi àti ilé iṣẹ́ oúnjẹ ló wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín láti fi túlẹ̀ ní Funtua, owó yín ló ń wò.

Kí ni owó náà ń rà gan-an?

Ẹ tú aláìlórúkọ àti ti Ítálì kalẹ̀ lórí tábìlì, ẹ ó rí i pé ìyàtọ̀ wọn kò sí ní dídán. Inú àwọn olówó pọ́ọ́kú kan, bọ́ọ̀lù irin kékeré ni ń dí ojú epo nígbà tí ẹ bá tú họ́ọ̀sì kúrò. Inú èyí tó sàn, fááfù olórí ṣóńṣó ni, tí ó ń lọ tààrà, tí ó ń bọ̀ tààrà. Bọ́ọ̀lù máa ń yí bó ṣe ń gbá ojú ìjókòó rẹ̀. Bó bá pẹ́, ojú ibẹ̀ á jẹ, abo á sì máa sun epo nígbà tí kò sí ohunkóhun lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá rí katakata tó dúró láàárọ̀ tí epo kán sórí ilẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kọ́pílà tó ṣófo, ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Sípíríǹgì kékeré tó wà lẹ́yìn fááfù yẹn náà ní tirẹ̀. Bí ti akọ bá le ju ti abo lọ, tàbí tó bá jẹ́ pé akọ kò wọlé tán, epo lè ti fááfù kan pa dé. Tírélà á gbé ẹrù sókè, kò sì ní wálẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní pọ́ǹpù ti kú, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tí kò ṣe wọ́n. Kọ́pílà tó dára, tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n tó péye, kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí kan nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹni tó ní tírélà má ṣe ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lórí àtẹ.

Síìlì ni ìkẹta. Rọ́bà dúdú tí wọ́n ń pè ní NBR ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù, ó sì tó. Ó lè fara da epo tó gbóná dé nǹkan bíi 100°C, epo katakata tó bá sì ti gbóná dé ibẹ̀, ìṣòro mìíràn ló ní. Nítorí náà bí ọlọ́jà bá ń bu owó lé e pé Viton, rọ́bà olówó ńlá tó ń fara da ooru, ni tirẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má san kọ́bọ̀ kún un. Ohun tó yẹ kí ẹ sanwó fún ni òrùka funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń jókòó ti ọ́-ríìǹgì. Òun ni kì í jẹ́ kí prẹ́ṣọ̀ ti rọ́bà jáde kúrò nínú kòtò rẹ̀. Nínú olówó pọ́ọ́kú, ọ́-ríìǹgì nìkan ni ẹ ó bá, tí ẹ bá sì so ó nígbà tí prẹ́ṣọ̀ ṣì wà, á fà ya lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti bar, ìwọ̀n prẹ́ṣọ̀, wá ńkọ́? ISO A oní-ìdajì ínṣì tí a fi irin ṣe, bar 250 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i lára. Háídírọ́líìkì ọ̀pọ̀ katakata ń ṣiṣẹ́ láàárín bar 150 sí 210. Ẹni tó bá ní tòun gba 350 ń sọ òtítọ́ bóyá, àmọ́ fááfù ààbò katakata yín á ti ṣí tipẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Ìwọ̀n epo tó ń gba inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀: lítà 45 ní ìṣẹ́jú kan ni ìwọ̀n tí wọ́n ń fi ìdajì ínṣì sí. Katakata kékeré àti àárín kì í kọjá rẹ̀ púpọ̀. Katakata ńlá, irú èyí tó ń fa hárò wíwúwo ní àwọn oko gbọọrọ, lè máa tú ìlọ́po méjì rẹ̀, epo á sì máa gbóná lójú ibi tóóró yẹn. Fún irú ìyẹn, ẹ lọ sí ìwọ̀n tó tóbi sí i, kì í ṣe sí orúkọ tó tóbi sí i.

Akọ olówó pọ́ọ́kú ń pa abo olówó ńlá

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, torí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Wọ́n á ra abo Ítálì méjì sẹ́yìn katakata, wọ́n á sì ra akọ mẹ́fà aláìlórúkọ sẹ́nu họ́ọ̀sì gbogbo ohun èlò, pé akọ kò ní nǹkan kan nínú.

Ọ̀gá tọ́nà kan (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin), ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti pẹ́ ní Sabon Gari, Zaria, ló fi hàn mí kedere. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé akọ tuntun wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo èyí. Ṣé ojúlówó ni?" Ọ̀gá kò tilẹ̀ wo orúkọ tó wà lára rẹ̀. "Má wo dídán rẹ̀, àbúrò. Mú fáìlì kékeré yẹn fún mi." Ó dì í mọ́ fáìsì, ó gbé igun fáìlì sí kòtò tó yí ọrùn akọ ká, ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Fáìlì mú un. Ìlà funfun jáde lára rẹ̀, ẹ̀rún irin bọ́ sórí ìka rẹ̀. Ó fa èkejì yọ látinú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n tú kúrò lára hárò àtijọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí. Fáìlì yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni ń fi ìka fa ojú gíláàsì. Kò sí ìlà, kò sí ẹ̀rún. "Èyí ni wọ́n fi iná ṣe lágbára," ló wí. "Tìrẹ, irin ìṣó ni."

Inú abo, àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké tó le gan-an ló ń di kòtò ọrùn akọ mú. Bí akọ bá rọ̀, nígbàkúùgbà tí prẹ́ṣọ̀ bá gbìyànjú láti ti akọ jáde, bọ́ọ̀lù á máa tẹ kòtò yẹn, á fi ojú ihò kéékèèké sí i. Kò ní pẹ́ kí akọ bẹ̀rẹ̀ sí í mì lẹ́nu abo, mímì yẹn ló sì ń jẹ síìlì abo. Ẹ ó pààrọ̀ síìlì, á tún jẹ. Ẹ ó wá máa bú Ítálì.

Lọ́jà, ọlọ́jà kò ní jẹ́ kí ẹ fi fáìlì kan ọjà rẹ̀, ó sì jàre. Ẹ ra ẹyọ kan, ẹ kàn án níta, kí ẹ tó padà wá ra márùn-ún. Nígbà tó jẹ́ pé owó akọ kì í ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó méjèèjì, bí ẹ bá gbé akọ yín ga sí ìpele kejì nínú àtẹ, kò ní tu yín lọ́wọ́. Èrò tèmi ni pé akọ àti abo ìpele kejì jálẹ̀jálẹ̀ sàn ju abo Ítálì pẹ̀lú akọ tí fáìlì ń jẹ lọ.

Epo tó ń kán ní owó

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ̀kán epo 20 ló ń kún mìlílítà 1, ká sọ bẹ́ẹ̀. Bí kọ́pílà bá ń kán ẹ̀kán 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láàárín wákàtí 8 ti iṣẹ́ oko, ẹ̀kán 28,800 nìyẹn, tó jẹ́ lítà 1.44. Bí katakata bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 30 ní àkókò ìtúlẹ̀, lítà 43 ló ti rin ilẹ̀; ó kù díẹ̀ kó tó kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 méjì. Ẹ lọ béèrè owó kẹ́ẹ̀gì epo háídírọ́líìkì méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ní Gwagwalada, kí ẹ wá fi wé ìyàtọ̀ tó wà láàárín 1 àti 4 nínú àtẹ òkè yẹn. Mi ò tíì ka ọjọ́ tí katakata fi dúró, bẹ́ẹ̀ òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, àgbẹ̀ tó sì sanwó ìtúlẹ̀ sílẹ̀ kì í gbọ́ àwáwí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Katakata tó jẹ́ pé díìsìkì ìtúlẹ̀ lásán ló ń gbé, tó ń fi apá mẹ́ta ẹ̀yìn gbé e, kì í lo kọ́pílà ẹ̀yìn rárá. Ọ̀pọ̀ Massey 375 lóko ni ò so họ́ọ̀sì kankan mọ́ ẹ̀yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Bí tiyín bá jẹ́ irú rẹ̀, kí ni ẹ fẹ́ fi abo Ítálì ṣe? Èyí tó wà níbẹ̀, ẹ bá a wá ìdérí tó dára, ẹ dí i pa, kó dúró.

Ojú pẹrẹsẹ: ṣé ó tó?

Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ilé kíkọ́ ní Àbújá fẹ́ràn kọ́pílà ojú pẹrẹsẹ, ìyẹn ISO 16028, irú tó wà lára Bobcat, ẹ̀rọ kékeré tó ń kó yanrìn. Wọ́n jàre. Ojú akọ àti ti abo tẹ́jú, ẹ lè fi àkísà nù ún lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó so ó, epo tó ń dà sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá tú u kò sì tó nǹkan. ISO A kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tú u, ó gbọ́dọ̀ ta epo díẹ̀ sílẹ̀, ihò iwájú rẹ̀ sì ń gba eruku.

Ní ilẹ̀ tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, tí eruku pupa ń wọ ilé tí a ti fèrèsé rẹ̀, ẹnikẹ́ni á rò pé ojú pẹrẹsẹ ni ká gbà. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn ni pé ohun èlò oko kì í dá wà. Tírélà tí ẹ háyà, hárò tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ẹ̀rọ ìfúnrúgbìn tí iléeṣẹ́ gbé wá fi hàn yín, ISO A ni gbogbo wọn máa ń gbé wá. Ẹni tó bá yí abo katakata rẹ̀ sí ojú pẹrẹsẹ gbọ́dọ̀ máa gbé ìsopọ̀ àárín kiri, ìsopọ̀ àárín kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ibi méjì mìíràn tí epo lè gbà jò. Bí katakata yín bá ní apá ìkó-nǹkan níwájú, tí ẹ̀yin nìkan ń lò ó, ẹ lè fi ojú pẹrẹsẹ síwájú, kí ẹ̀yìn wà ní ISO A. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa tọ́jú owó yín.

Onítíréèdì ní tirẹ̀ lágbára: ó lè so pọ̀ nígbà tí prẹ́ṣọ̀ ṣì wà nínú họ́ọ̀sì, gbígbọ̀n ọ̀nà kò sì ń tú u. Fún tírélà tó ń da yanrìn tàbí àgbàdo láti àárọ̀ dálẹ́, òun ni n ó rà. Àmọ́ kì í tú ara rẹ̀ sílẹ̀ bí nǹkan bá fà á. Abo ISO A tí wọ́n gbé mọ́ bírákẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn katakata, irú èyí tí à ń tì wọlé tí à ń fà jáde, bí pínnì tírélà bá yọ lójú ọ̀nà, á tú akọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, họ́ọ̀sì ò ní fà ya. Onítíréèdì á di í mú títí nǹkan kan fi já.

Eruku, oòrùn àti òòlù

Ìdérí abo àti ti akọ kò wọ́n ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ, síbẹ̀ òun ni ọlọ́jà kì í fẹ́ fi kún un, òun náà sì ni ẹni tó ń rà á kì í béèrè. Eruku ọyẹ́ tó bá wọ ẹnu abo, pọ́ǹpù ló ń lọ, owó pọ́ǹpù kò sì sí nínú ìlọ́po tí mo tò sókè rárá. Ẹ gba ti rọ́bà tó ní okùn, kó má sọnù. Ti ike líle, oòrùn á fọ́ ọ kí ọdún tó yípo.

Oòrùn ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Tírélà tó dúró ní gbangba ní Sókótó tàbí Màídúgùrì, tí họ́ọ̀sì rẹ̀ ń jẹ oòrùn, epo inú rẹ̀ á gbóná, á wú, kò sì ríbi lọ. Ẹ ó gbé akọ, kò ní wọlé. Ìgbà yẹn ni awakọ̀ máa ń mú òòlù, tí á sì lu orí fááfù akọ títí á fi wọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé ọwọ́ léfà háídírọ́líìkì síwá sẹ́yìn kí prẹ́ṣọ̀ ara katakata jáde. Ti họ́ọ̀sì, ẹ wé àkísà mọ́ nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn akọ, ẹ gbé ojú kúrò níbẹ̀, ẹ tú u díẹ̀díẹ̀ kí epo náà mí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i dájú pé ohun èlò náà ti wà nílẹ̀, pé kò sí ohun tó ń gbé sókè. Ọjọ́ tí ẹ bá ń tú u ló ti yẹ kí ẹ ti sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ sì gbá léfà kí ẹ tó fa họ́ọ̀sì yọ. Àwọn abo kan wà tí wọ́n ṣe kó lè gba akọ pẹ̀lú prẹ́ṣọ̀. Owó wọn fi nǹkan bí ìdajì ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Fún ẹni tó ń háyà katakata jáde, tí kò mọ ẹni tí á máa wà á, ó tó bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá ń jò, ẹ má fi ọwọ́ lásán wá ojú rẹ̀. Epo tó ń jáde lójú ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ lè gún awọ wọlé, ó sì lè má dunni lọ́jọ́ náà. Páálí ni kí ẹ fi wá a. Ẹni tó bá gún, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ilé.

Ayédèrú àti tòkunbọ̀

Ti Ítálì ni ayédèrú rẹ̀ pọ̀ jù. Faster ti wà láti 1951, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan sì rà á ní 2018, nítorí náà ẹrù rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n, èyí ló ń jẹ́ kí àwọn ayédèrú rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹ wo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀: orúkọ, irú, ìwọ̀n, nọ́ńbà ìgbà tí wọ́n ṣe é. Kí ó jẹ́ pé irin ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, kì í ṣe ọ̀dà tí èékánná lè họ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fááfù wọlé, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ padà pẹ̀lú agbára, láìgbé ẹ̀gbẹ́. Ẹ fa ìbọ̀wọ́ abo, òrùka irin tó yí ẹnu rẹ̀ ká, sẹ́yìn, kó má họ bí ẹni tó gbé yanrìn sínú. Ẹ ti akọ yín tí ẹ mú wá láti ilé bọ̀ ọ́, ẹ tú u, ẹ tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ sì mì í sọ́tùn-ún sósì. Ìmì díẹ̀ kò burú. Bó bá ń jó lẹ́nu rẹ̀, ẹ dá a padà sí àtẹ.

Ti tòkunbọ̀, èyí tí wọ́n tú lára ẹ̀rọ tó wá láti Yúróòpù, n kò bẹ̀rù rẹ̀ bíi ti ayédèrú. Irin rẹ̀ dára, wọ́n ti fi iná ṣe é lágbára, síìlì nìkan ló máa ń ti lọ. Owó rẹ̀ kì í sábà kọjá 1.5. Ẹ wo kòtò ọrùn akọ, kí ojú ihò bọ́ọ̀lù má sí níbẹ̀, ẹ wo ojú abo pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ìpẹtà má wà níbi tí síìlì ń jókòó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá síìlì irú rẹ̀ wà ní títà lọ́tọ̀. Bí kò bá sí, ohun tí ẹ fẹ́ rà kò ju irin tó máa ṣiṣẹ́ títí síìlì inú rẹ̀ á fi jẹ lọ, 1 náà sì ti pọ̀ jù fún un.